Ọwọ́ Ta Ni Irè Oko Ń Bọ́ Sí? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Iṣẹ́ Onímọ̀ Ọrọ̀-Ajé Iṣẹ́ Àgbẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ péjọ síbí, mo kí yín. Wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé iṣẹ́ onímọ̀ ọrọ̀-ajé iṣẹ́ àgbẹ̀, mo sì gbà pẹ̀lú ìdùnnú, nítorí iṣẹ́ kan ni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí wọ́n sì rò pé àwọn ti mọ̀ ọ́n. Bí mo bá dárúkọ iṣẹ́ mi, ohun tí wọ́n sábà máa ń bi mí ni ohun tí àgbẹ̀ lè ṣe kí irè oko rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n ó ní àwọn tó ni ín: onímọ̀ ilẹ̀, onímọ̀ irúgbìn àti onímọ̀ kòkòrò ló ń dáhùn rẹ̀. Ibi tí tiwọn parí sí ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Bí irè náà bá ti pọ̀ sí i, ọwọ́ ta ni yóò bọ́ sí, ní àkókò wo, ní iye wo, kí sì ni ẹni tí kò gbin nǹkan kan yóò fi rà á? Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí wà nínú ìbéèrè yìí. Mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé ọ̀pọ̀ ètò iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń ṣubú nítorí pé àwọn tó ṣe é ka iye irè, ṣùgbọ́n wọn kò béèrè ẹni tó ni ín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun kan tó máa ń ya ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí lẹ́nu, ìyẹn ni pé ọdún tí irè pọ̀ lè jẹ́ ọdún tí àgbẹ̀ kò rí owó. Ìṣirò kan wà tí a sábà máa ń kà sí ti Gregory King, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Charles Davenant sì tẹ̀ jáde lọ́dún 1699. Ó sọ pé bí ọkà ìlú bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín, iye owó rẹ̀ yóò fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lé sí i. Bí ó bá fi ìdá méjì dín, iye owó yóò fi ìdá mẹ́jọ lé. Bí ó bá sì dín dé ìdajì, iye owó yóò ju ìlọ́po márùn-ún ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ wá fi àpẹẹrẹ kékeré kan wò ó. Bí gbogbo àgbẹ̀ ìlú kan bá ta àpò 100, tí àpò kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ owó 10, owó 1,000 ni wọn yóò pa. Bí irè bá dín, tí àpò di 90, tí iye owó sì di 13, owó 1,170 ni wọn yóò pa. Ohun tí wọ́n kó wá sọ́jà dín, owó tí wọ́n kó lọ sílé pọ̀ sí i. Ẹ yí ìṣirò náà padà, ẹ ó sì rí ìdí tí àgbẹ̀ fi lè dúró lórí òkìtì ọkà kó sì máa ronú gbèsè. Mo ní láti fi kún un kíákíá pé gbogbo àgbẹ̀ lápapọ̀ ni ìṣirò yìí ń sọ. Ẹni tí ọ̀dá pa oko tirẹ̀ kò ní àpò kankan tí yóò tà nígbà tí ọjà gbówó lórí, nítorí náà, ọdún kan náà lè sọ aládùúgbò méjì di olówó àti tálákà.

Kí ló fà á tí iye owó fi ń fò báyìí? Ikùn ni. Oúnjẹ kò dà bí aṣọ tí ènìyàn lè máa rà kún aṣọ nítorí pé ó dínwó; bí a bá ti yó, a ti yó, ìdajì iye owó kò sì lè mú wa jẹun ẹ̀ẹ̀méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò lè fi oúnjẹ sílẹ̀ nítorí pé ó wọ́n. Àwọn bàbá wa ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, Ernst Engel, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, sì rí ojú kan náà nínú ìwé ìnáwó. Lọ́dún 1857, ó wo àkọsílẹ̀ bí àwọn ìdílé òṣìṣẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù ṣe ń náwó, ó sì rí i pé bí ìdílé bá ṣe tálákà tó ni ìdá tí oúnjẹ ń kó nínú ìnáwó rẹ̀ ṣe ń tóbi tó. A ti wo ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láti ìgbà náà, ó sì ń dúró. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa kò kéré. Bí oúnjẹ bá wọ́n, olówó yóò ṣàròyé, tálákà yóò dín oúnjẹ ọmọ kù. Bí orílẹ̀-èdè bá sì ń lówó sí i, ìdá tí àgbẹ̀ ń rí nínú gbogbo owó tí wọ́n ń ná yóò máa kéré sí i, bí àgbẹ̀ náà tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Àkókò tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Oníṣòwò lè wo iye owó tòwúrọ̀ kó tó pinnu ohun tí yóò tà lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n òní ni àgbẹ̀ ń gbìn, iye owó tí yóò bá a pàdé sì wà ní oṣù púpọ̀ níwájú níbi tí ojú kò tó. Bí gbogbo wọn bá fi iye owó ọdún yìí ṣe òṣùwọ̀n, tí ọjà kan wọ́n, gbogbo wọn ni yóò gbìn ín lọ́dún tó ń bọ̀, yóò sì ṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́. Wọn yóò wá pa á tì, lọ́dún kẹta yóò tún wọ́n. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Mordecai Ezekiel, ará Amẹ́ríkà, ló kó àlàyé yìí jọ lọ́dún 1938, a sì ń pè é ní àlàyé òwú aláǹtakùn, nítorí pé ìlà tí iye owó àti iye irè ń fà lórí ìwé máa ń yí ká bí òwú aláǹtakùn. Ní tèmi, àlàyé náà fojú kéré àgbẹ̀ díẹ̀. Lọ́dún 1958, Marc Nerlove lo àkọsílẹ̀ nípa àgbàdo, òwú àti àlìkámà ní Amẹ́ríkà láti fi hàn pé àgbẹ̀ kì í gbé gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ lé iye owó ọdún kan ṣoṣo. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tún ìrètí rẹ̀ ṣe bí ọjà ti ń tàn án tàbí tí ó ń dá a láre.

Ní ọdún 1958 yẹn kan náà ni Willard Cochrane, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ará Amẹ́ríkà, sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò dùn mọ́ àwọn tó ń polówó ọ̀nà tuntun fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá kọ́kọ́ lo ọ̀nà tuntun ń jèrè, nítorí ìnáwó rẹ̀ dín nígbà tí iye owó ọjà kò tíì yí padà. Bí àwọn yòókù bá ti tẹ̀lé e, irè yóò pọ̀, iye owó yóò já wálẹ̀, èrè náà yóò sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ra oúnjẹ. Ẹni tó kẹ́yìn ní láti lo ọ̀nà náà kí ó má bàa jẹ gbèsè, kò sì ní rí èrè kankan níbẹ̀. Ó fi í wé ẹni tó ń sáré lórí ẹ̀rọ tí kò kúrò lójú kan.

Mo ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ọ̀pọ̀ irè. Ẹ jẹ́ ká wo ebi báyìí, nítorí ibẹ̀ ni ìbéèrè wa ti wúwo jù. Lọ́dún 1943, ìyàn mú ní Bengal, tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà nígbà náà, ó sì pa nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn. Amartya Sen, tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1998, jẹ́ ọmọdé níbẹ̀ nígbà náà, ó sì rí àwọn tí ebi ń pa kú. Nígbà tí ó padà sórí ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí onímọ̀, ó ṣírò iye oúnjẹ tó wà ní Bengal lọ́dún yẹn, ó sì rí i pé nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 péré ló fi dín sí ti ọdún márùn-ún tó ṣáájú, bí a bá fi ọdún márààrún dọ́gba. Ó tilẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 13 nínú 100 ju ti ọdún 1941 lọ, ìyàn kò sì mú lọ́dún 1941. Àwọn onímọ̀ kan ṣì ń bá a jiyàn lórí bí irè ọdún náà ti rí gan-an, àríyànjiyàn náà sì ní ìwúlò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà wo ọ̀rọ̀ náà ti yí iṣẹ́ wa padà. Ogun ń lọ lọ́wọ́, ìjọba ń náwó lórí ogun, owó iṣẹ́ àwọn ará ìlú ńlá sì ń tẹ̀lé ọjà gòkè. Alágbàṣe oko tó ń gba owó iṣẹ́ òòjọ́ ní ìgbèríko, apẹja àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kéékèèké kò rí owó tiwọn kí ó pọ̀ bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ń kọjá lójú wọn, agbára àtirà á ni kò sí lọ́wọ́ wọn.

Nítorí ẹ̀kọ́ yìí ni a kò fi ń dúró de kí irè já kulẹ̀ kí a tó kébòsí ìyàn mọ́. Ètò FEWS NET, tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ lọ́dún 1985 láti máa ṣe ìkìlọ̀ ìyàn, ń wo òjò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń wo ọjà. A máa ń béèrè pé owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe, ìwọ̀n ọkà wo ló lè rà lọ́sẹ̀ yìí, ìwọ̀n wo ló sì rà ní irú ọ̀sẹ̀ yìí lọ́dún tó kọjá. Fún darandaran, a ó béèrè iye ọkà tí owó ẹran kan lè gbà. Nígbà ọ̀dá, gbogbo darandaran ló ń sáré ta ẹran lẹ́ẹ̀kan náà, ẹran á pọ̀ lọ́jà, ọkà á sì wọ́n. Ọwọ́ méjèèjì ni ọjà fi ń lù wọ́n. Bí ìṣirò yìí bá ti ń burú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ̀léra, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ka àpò inú àká ìjọba kó tó na ọwọ́ ìrànwọ́.

Apá kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí mo fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ, òun ni kíka ìṣirò tí àgbẹ̀ ń ṣe lọ́kàn ara rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé àgbẹ̀ tálákà kò ní ìṣirò, àṣà àwọn baba rẹ̀ ló ń dè é mọ́lẹ̀. Theodore Schultz, tí òun àti Arthur Lewis jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1979, tako èrò yìí gidigidi. Ohun tó sọ lọ́dún 1964 ni pé àgbẹ̀ tálákà ń lo ìwọ̀nba ohun tó ní dáadáa, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò tó. Ṣáájú rẹ̀, lọ́dún 1957, Zvi Griliches ti wo bí irúgbìn àgbàdo tuntun, èyí tí wọ́n bí nípa pípa ẹ̀yà pọ̀, ṣe tàn kálẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó tètè gbilẹ̀ ní Iowa, ó pẹ́ kó tó dé Alabama. Ó rọrùn láti sọ pé ojú àwọn ará Alabama kò là. Griliches rí i pé a ní láti bí irúgbìn náà lọ́tọ̀ fún ilẹ̀ àdúgbò kọ̀ọ̀kan, pé àwọn tó ń tà á kọ́kọ́ lọ síbi tí ọjà ti tóbi, àti pé àwọn àgbẹ̀ tètè gbà á níbi tí èrè rẹ̀ ti pọ̀. Ọ̀rọ̀ èrè ló wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀.

Ṣùgbọ́n èrè nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ ká ní irúgbìn àtijọ́ kan ń mú àpò 12 wá lọ́dún tí òjò dára, ó sì ń mú 9 wá lọ́dún tí òjò kọ̀. Irúgbìn tuntun ń mú 20 wá lọ́dún tó dára, ó ń mú 4 wá lọ́dún tó burú. Bí a bá pín ọdún méjèèjì dọ́gba, tuntun jẹ́ àpò 12, àtijọ́ jẹ́ àpò mẹ́wàá àbọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ka ìṣirò yìí nínú ọ́fíìsì yóò sì bínú sí àgbẹ̀ tó kọ tuntun. Bí ìdílé náà bá nílò àpò 8 kí ẹ̀mí wọn lè ré ọdún kọjá, tí kò sí owó ní ìpamọ́, tí kò sì sí ẹni tí yóò yá wọn lówó, irúgbìn tuntun yẹn jẹ́ ikú ní ọdún kan nínú méjì. Ta ni kò gbọ́n nínú àwọn méjèèjì? Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé bí ohun tí àgbẹ̀ ń ṣe kò bá yé wọn, kí wọ́n gbà pé nǹkan kan ṣì wà nínú ìṣirò rẹ̀ tí wọn kò tíì béèrè.

Irú ohun bẹ́ẹ̀ ni títa irè lójú ẹsẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ìgbà ìkórè ni ọkà ń pọ̀ lọ́jà jù, pé bí àkókò bá ti ń lọ ni yóò máa wọ́n. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kékeré ń tà nígbà tó pọ̀, wọ́n á sì tún padà wá ra irú ọkà kan náà nígbà tó wọ́n. Ìdánwò kan tí Marshall Burke, Lauren Bergquist àti Edward Miguel ṣe ní Kẹ́ńyà, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2019, fi ìdí rẹ̀ hàn. Owó ilé ìwé, gbèsè àti bùkátà ń dúró de àgbẹ̀ lójú ìkórè, kò sì ní owó mìíràn. Wọ́n yá àwọn àgbẹ̀ kan lówó ní àkókò yẹn gan-an. Àwọn náà tọ́jú ọkà wọn, wọ́n tà á nígbà tó wọ́n, èrè tí wọ́n rí lórí owó náà sì súnmọ́ ìdá 30 nínú 100. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé níbi tí àwọn tó yáwó ti pọ̀, ọkà dín lọ́jà nígbà ìkórè, ó sì tún wà lọ́jà nígbà ọ̀wọ́n, iye owó kò fò bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, èyí sì ṣe àwọn tí kò yá kọ́bọ̀ kan náà láǹfààní. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, irúgbìn kò yí padà, ilẹ̀ kò yí padà, irè kò sì pọ̀ sí i. Àkókò nìkan ló yí padà.

A gbọ́dọ̀ rántí àgbẹ̀ tó ń rà ju bó ti ń tà lọ yìí nígbà tí ìjọba bá ní òun fẹ́ kí iye owó oúnjẹ gòkè nítorí àgbẹ̀, nítorí ọ̀wọ́n náà yóò bá òun náà. Ìdàkejì rẹ̀ náà ní ẹni tó ń sanwó rẹ̀: òfin tó bá dí ọ̀nà ọkà sí òkè òkun kí ó lè dínwó nílé ń gba owó lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó ń tà, ó ń fún ará ìlú tó ń rà, ó sì ń ti ọ̀wọ́n náà sọ́rùn tálákà orílẹ̀-èdè mìíràn, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i lórí ọjà ìrẹsì àgbáyé lọ́dún 2007 àti 2008. Kì í ṣe tiwa láti pinnu fún ìjọba. Iṣẹ́ tiwa ni kí a kọ orúkọ gbogbo ẹni tí yóò san owó ìpinnu náà sílẹ̀ kí wọ́n tó buwọ́ lù ú.

Lórí àwọn alágbàtà, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí àwọn ni a tètè ń dá lẹ́bi. Nígbà mìíràn ẹ̀bi wọn ni. Nígbà púpọ̀, àìmọ̀ ni. Ní etíkun Kerala ní Íńdíà, kí fóònù alágbèéká tó dé láàárín ọdún 1997 sí 2001, apẹja kan lè gúnlẹ̀ sí èbúté tí ẹja ti kún, kó da ẹja rẹ̀ nù, nígbà tí àwọn oníbàárà ń padà lọ́wọ́ òfo ní èbúté tí kò jìnnà. Robert Jensen, tó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lọ́dún 2007, rí i pé ìdá 5 sí 8 nínú 100 ẹja òòjọ́ ni wọ́n ń dànù báyìí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe èbúté láti orí omi, ìdànù náà dópin, èrè apẹja fi ìdá 8 nínú 100 gòkè, iye tí oníbàárà ń san sì fi ìdá 4 já wálẹ̀. Ẹni tó ń tà jèrè, ẹni tó ń rà jèrè, ẹja inú òkun kò sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ lè béèrè bí a ṣe ń mọ gbogbo èyí. Bíbéèrè ni, wíwọ̀n ni, iṣẹ́ tó ń gba sùúrù ni. Bí a bá ní kí àgbẹ̀ sọ bí oko rẹ̀ ti tóbi tó, àwọn tó ní oko kékeré máa ń sọ pé ó tóbi ju bó ti rí, àwọn tó ní oko ńlá máa ń sọ pé ó kéré. Irọ́ kọ́, ojú ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bí a bá gba ọ̀rọ̀ wọn bẹ́ẹ̀, irè orí ilẹ̀ kékeré yóò dà bí ẹni pé kò tó nǹkan, ìjọba yóò sì ti ibẹ̀ ṣe òfin. Nítorí náà a ń gbé ẹ̀rọ GPS rìn yí oko ká. Àpò kan kò dọ́gba pẹ̀lú èkejì, a ní láti gbé òṣùwọ̀n dání. Irè tí wọ́n ń wà jẹ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ta ni yóò rántí iye rẹ̀ bí a kò bá padà lọ béèrè lọ́pọ̀ ìgbà?

Ó sì tún ṣe pàtàkì láti mọ ẹni tí a ń bi. Nínú àkọsílẹ̀ kan láti Burkina Faso, tí Christopher Udry yẹ̀ wò nínú ìwádìí tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1996, ọkọ àti aya inú agboolé kan náà ní oko lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Irè oko àwọn obìnrin fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 kéré sí ti oko ọkùnrin, nínú ilé kan náà, lọ́dún kan náà, lórí ohun ọ̀gbìn kan náà. Ìdí ni pé oko ọkùnrin ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń lọ, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ń kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìgbẹ́ ẹran tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá pín nǹkan wọ̀nyí dáadáa láàárín oko méjèèjì, irè ilé náà yóò fi nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 pọ̀ sí i láìra nǹkan kan. Ẹni tó bá bi baálé nìkan ní ìbéèrè kò lè rí èyí láé, nítorí ilé kan ni yóò kọ sínú ìwé rẹ̀, irè kan, owó kan.

Nínú ìwé ìbéèrè tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń lò, ìwọ̀n oko kọ́ ló ṣáájú, irúgbìn kọ́, ajílẹ̀ kọ́. A ń ka oko inú ilé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, a ó béèrè ẹni tó ń pinnu ohun tí wọn yóò gbìn síbẹ̀, àti ẹni tí owó rẹ̀ ń wọ àpò rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá tà á. A ó wá ẹni náà lọ, òun fúnra rẹ̀ ni a ó sì bi ní ìyókù.